Ìṣirò Àwọn Ẹnjiníà àti Ìjábọ̀ Tí A Ń Fọwọ́ Sí

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ní etí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń kó èsì ìṣirò jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà lọ sínú àtẹ, àti láti inú àtẹ lọ sínú ìwé ìjábọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ara balẹ̀ bá wa lọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Ní ayé òde òní, kí a tó kọ́ afárá, kí a tó sé odò, kí a tó gbé ilé alájà mẹ́wàá dìde, ìwé kan ni a ń gbé síwájú àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ṣe ìṣirò mọ ohun tí ó ṣe; ẹni tí ó fọwọ́ sí i kò rí ju ìwé lọ. Bí ìwé náà bá gbàgbé ìdajì ohun tí ìṣirò sọ, kì í ṣe orí ìwé ni ilé yóò wó lé.

Àwọn baba wa mọ ewu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Bí a bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹ̀fà ni; ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí i. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì jọ ara wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Kì í ṣe iye ẹyọ nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí a ti so wọ́n, bóyá wọ́n kọjú sí ara wọn tàbí wọ́n kẹ̀yìn sí ara wọn, gbogbo rẹ̀ ni ó ní ìtumọ̀. Ǹjẹ́ bí ìránṣẹ́ kan bá já okùn náà ní ọ̀nà, tí ó sì da àwọn ẹyọ náà sínú àpò rẹ̀, kò sọ ẹyọ kan nù, síbẹ̀ ó ti sọ iṣẹ́ tí a rán an nù pátápátá. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ wa. Nọ́ńbà tí ó jáde láti inú kọ̀ǹpútà láìní orúkọ, láìní òṣùwọ̀n, láìní ààlà, ẹyọ tí okùn rẹ̀ ti já ni.

Kí ni ohun tí àwọn ẹnjiníà ń ṣe gan-an? Ní ayé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí afárá yóò ti ru ẹrù, ìwé àti pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, tàbí kí wọ́n ṣe afárá kékeré kan ní ilé ìdánwò kí wọ́n sì gbé ẹrù lé e lórí. Lónìí, wọn a ya afárá náà sínú kọ̀ǹpútà, wọn a sì fi àwọ̀n bò ó, bí ẹni pé àwọ̀n apẹja ni a tẹ́ lé e lórí, títí a ó fi pín in sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé kéékèèké. Wọn a sọ fún ẹ̀rọ náà bí irin ti le tó, bí kọnkéré ti le tó, bí ẹrù ti wúwo tó, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Nígbà náà ni ẹ̀rọ yóò ṣírò bí ègé kọ̀ọ̀kan yóò ti tẹ̀, bí yóò ti nà, tàbí bí yóò ti fún pọ̀. Àfarawé iṣẹ́ ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kì í ṣe afárá náà gan-an. Ó ń fara wé afárá ni. Nastran, Abaqus àti Ansys wà lára àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ jùlọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èsì rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà kan tàbí méjì. Ní ojú kókó kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀n náà, nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ń sọ bí ibẹ̀ ti ṣípò: sí ẹ̀gbẹ́, sí òkè, àti sí iwájú. Nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn ń sọ bí agbára ti ń fà ibẹ̀, bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́, àti bí ó ti ń lọ́ ọ. Bí kókó inú àwọ̀n bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, nọ́ńbà mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni èyí, fún irú ẹrù kan ṣoṣo. Kò sí ojú ènìyàn tí ó lè ka ìyẹn tán. Nítorí náà ni a ṣe ń kó wọn jáde. Ẹ̀rọ a kọ́kọ́ tú èsì rẹ̀ sínú fáìlì. A ó kó fáìlì náà sínú àtẹ onílà inú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Excel. Láti inú àtẹ ni a ó ti mú èyí tí ó ṣe pàtàkì lọ sínú ìjábọ̀ tí ó ní àkọlé, àwòrán, àti ìparí ọ̀rọ̀. Ibùdó mẹ́rin nìwọ̀nyí: ẹ̀rọ, fáìlì, àtẹ, ìjábọ̀. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ni okùn àrokò wa ti lè já. Ohun tí a ó sì sọ kì í ṣe àlọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun, èyí ni ẹ̀rọ. Ní ilẹ̀ Norway, àwọn ẹnjiníà kọ́ ìpìlẹ̀ kọnkéré ńlá kan tí a pè ní Sleipner A, tí yóò dúró nínú Òkun Àríwá níbi tí omi jìn tó mítà 82, kí a lè máa wa epo àti gáàsì láti orí rẹ̀. Yàrá kọnkéré 24 ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí wọ́n ń rì í sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú omi Gandsfjorden lẹ́bàá ìlú Stavanger láti dán an wò, ògiri kan ya, omi ya wọlé, gbogbo rẹ̀ sì rì. Nígbà tí ó kọlu ìsàlẹ̀ omi, ilẹ̀ mì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ fi kọ ìwọ̀n 3 sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n àdánù náà tó nǹkan bí 700 mílíọ̀nù dọ́là.

Ìwádìí fi hàn pé àwọ̀n tí a fi bo ibi tí àwọn ògiri ti pàdé kò wẹ́ tó. Ègé rẹ̀ tóbi jù. Nítorí èyí, agbára tí ń fẹ́ rẹ́ ògiri náà, bí ìgbà tí a bá fi àlùmọ́gàjí rẹ́ aṣọ, kéré nínú ìṣirò ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún sí bí ó ti yẹ kí ó rí. Irin tí a fi sínú kọnkéré níbẹ̀ kò sì tó. Nígbà tí a tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú ìtọ́jú lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ó sọ pé ògiri yóò ya nígbà tí ó bá dé ìjìnlẹ̀ mítà 62. Mítà 65 ni ó ya ní tòótọ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n ṣe bí a bá bi í léèrè bí ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n bí èsì bá ti wọ́ láti orísun, bí a tilẹ̀ dà á kọ sínú àtẹ láìṣi ẹyọ kan, tí a sì fi àwọ̀ mèremère yà á sínú ìjábọ̀, wíwọ́ rẹ̀ yóò bá a dé òpin ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ìjábọ̀ fi gbọ́dọ̀ sọ bí àwọ̀n ti wẹ́ tó, àti bóyá a ti gé e wẹ́ sí i láti wò ó bóyá èsì yóò yí padà. Bí a bá gé e wẹ́ sí i tí èsì kò yí padà mọ́, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ń yí padà síbẹ̀, kò tí ì tó àkókò láti kọ ìjábọ̀.

Ibùdó kejì ni fáìlì, òṣùwọ̀n sì ni ohun tí ó sábà ń sọnù níbẹ̀. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ ní ilẹ̀ wa, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹyọ 20,000. Bí ẹnìkan bá ránṣẹ́ pé márùn-ún ni gbèsè òun, tí kò sọ bóyá ẹyọ márùn-ún ni tàbí ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìjà ni ó rán wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn yìí rí. Ètò Abaqus kì í béèrè òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó. Bí a bá fi mílímítà wọn gígùn fún un, yóò gbà á. Bí a bá fi mítà wọ̀n ọ́n, yóò gbà á. Nọ́ńbà lásán ni ó ń gbà, nọ́ńbà lásán ni ó sì ń tú jáde. Bẹ́ẹ̀ ni 250 tí a fi níútọ̀nù àti mílímítà ṣírò ni 250,000,000 bí a bá fi níútọ̀nù àti mítà ṣírò rẹ̀. Irin kan náà ni, ẹrù kan náà ni, ìyàtọ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ mọ èyí tí òun lò. Fáìlì kò mọ̀ ọ́n, bí a kò bá kọ ọ́ sí i.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé pàápàá ti fi èyí ṣòfò. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1998, àjọ NASA ti Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan tí kò ní ènìyàn nínú lọ sí Mars, ọ̀kan nínú àwọn ayé tí ń yí oòrùn ká. Mars Climate Orbiter ni orúkọ rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà ní ilẹ̀ níhìn-ín tí ń ṣírò bí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ara ọkọ̀ náà ti ń tì í díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ, ó sì ń kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì fún àwọn tí ń tọ́ ọkọ̀ náà sọ́nà. Àdéhùn ni pé níútọ̀nù ni kí a fi wọn agbára náà. Ètò náà fi pọ́n-ùn wọ̀n ọ́n. Fáìlì náà dé, nọ́ńbà inú rẹ̀ pé, kò sì sí ẹni tí ó rí i pé òṣùwọ̀n ti yí padà. Agbára tí ó jẹ́ 4.45 ní tòótọ́ ni wọ́n ń kà sí 1, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Wọ́n gbèrò kí ọkọ̀ náà kọjá lókè ilẹ̀ Mars ní gíga kìlómítà 226. Nǹkan bí kìlómítà 57 ni ó gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yè bí ó bá sọ̀kalẹ̀ ju 80 lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ohùn rẹ̀ dákẹ́, a kò sì gbọ́ ọ mọ́ títí di òní.

Ọ̀ràn fáìlì tún kan àwa ọmọ Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà pín wa sí abẹ́ èdè méjì. Ní Nàìjíríà, bí a bá kọ 1,500, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni. Ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí a ti ń kọ nọ́ńbà bí àwọn Faransé ti ń kọ ọ́, kọ́mà ni a fi ń ya odindi nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá rẹ̀, 1,500 sì di ọ̀kan àti ààbọ̀. Fáìlì tí ó wọ́pọ̀ jù fún kíkó èsì jáde ni èyí tí a fi kọ́mà pín nọ́ńbà kan kúrò lára èkejì. Bí ẹnjiníà kan ní Ìbàdàn bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kétu láìsọ àṣà tí ó fi kọ ọ́, ó lè ṣẹlẹ̀ kí àtẹ ẹni náà ka àmì ìpín sí àmì ìdá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn pa irọ́.

Ibùdó kẹta ni àtẹ. Excel jẹ́ ìránṣẹ́ tí ó yára, ṣùgbọ́n ó ní àṣà kan: ó fẹ́ràn láti tún ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rán an ṣe. Bí ẹnjiníà bá sọ ìsopọ̀ irin kan ní 3-5, nítorí pé ó so òpó kẹta mọ́ òpó karùn-ún, àtẹ náà lè sọ ọ́ di ọjọ́ kan nínú oṣù. Bí ó bá sọ ègé kan ní 0047, àtẹ náà yóò yọ òdo méjì iwájú rẹ̀ kúrò. Bí ó bá pe òmíràn ní 1E5, àtẹ náà yóò sọ ọ́ di 100,000. Ọ̀ràn yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àbùdá ara ènìyàn. Àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní SEPT1 ń di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án nínú àtẹ wọn nígbà gbogbo. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tí ń fún àwọn àbùdá ní orúkọ kéde pé SEPTIN1 ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Ènìyàn ni ó yí orúkọ ohun tí ó dá padà nítorí àtẹ. Ní ìgbà náà, àtẹ kò tí ì yí ìwà rẹ̀ padà nítorí ènìyàn.

Àtẹ tún ní ìwọ̀n ohun tí ó lè gbà. Ojú ewé kan nínú Excel ti òde òní kò lè gbà ju ìlà 1,048,576 lọ. Àfarawé tí kókó rẹ̀ tó mílíọ̀nù méjì kò lè gba inú rẹ̀. Ti àtijọ́ kò tilẹ̀ lè gbà ju 65,536 lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, àjọ ìlera gbogbogbò ti England kéde pé àwọn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò wọ inú iye tí a ń kà fún ìlú lójoojúmọ́. Àwọn fáìlì èsì àyẹ̀wò ni a ń kó sínú irú àtẹ Excel ti àtijọ́. Nígbà tí àtẹ kún, ohun tí ó lé kò wọlé mọ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ afárá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni fáìlì wọn àti ti àwọn ẹnjiníà ń gbà. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e: àwọn tí ó ti bá àwọn aláìsàn náà pàdé kò tètè gbọ́ pé kí wọ́n dúró sílé. Ìlà tí ó sọnù nínú àtẹ, ènìyàn ni.

Ibùdó kẹrin ni ìjábọ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn ti kan àwa tí a ń fọwọ́ sí ìwé jùlọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2003, ọkọ̀ Columbia ti àjọ NASA gbéra láti Florida lọ sí òfurufú pẹ̀lú ènìyàn méje. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 82 tí ó gbéra, ègé fóòmù kan já láti ara àgbá epo ńlá rẹ̀, ó sì gbá etí apá òsì ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ ti wà lókè, àwọn ẹnjiníà fi ètò ìṣirò kan tí a ń pè ní Crater wò ó bóyá fóòmù náà lè ti ba ohun tí ń dáàbò bo ọkọ̀ náà lọ́wọ́ iná jẹ́. Èsì Crater yẹ kí ó ba ni lẹ́rù: ó ní fóòmù náà lè wọlé ju bí táìlì ààbò ti nípọn tó lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ Crater sí ètò tí í máa sọ àsọdùn, wọ́n sì ka èyí náà sí àsọdùn.

Ìjábọ̀ tí ó dé iwájú àwọn aláṣẹ kì í ṣe ìwé tí a fi gbólóhùn kọ. Ojú ewé ìfihàn ni, irú èyí tí a ń gbé sára ògiri fún àpéjọ láti wò. Ní ojú ewé kan nínú rẹ̀, àkọlé ńlá ń sọ̀rọ̀ ìtùnú, pé èsì ìdánwò àtijọ́ fi hàn pé ìṣirò náà ti fi ààyè ààbò sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú ìlà tí ó kẹ́yìn, ni a kọ ọ́ sí pé fóòmù tí a fi ṣe ìdánwò àtijọ́ kò ju kúbíìkì ìǹsì 3 lọ, nígbà tí èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,920. Ìlọ́po 640 nìyẹn. Bí ẹni tí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ dán òrùlé rẹ̀ wò, tí ó sì fi ìyẹn jẹ́rìí pé àpáta kò lè wó o ni. Òtítọ́ wà nínú ìjábọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni a fi í sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2003, bí Columbia ti ń padà bọ̀ wá sílé, ó tú ká lójú ọ̀run, àwọn méjèèje sì kú. A kò sọ pé ojú ewé kan ṣoṣo ni ó pa wọ́n. Ohun púpọ̀ ni ó kó ara jọ. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà tọ́ka sí ojú ewé yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó sì bá àjọ náà wí pé ó ń fi ojú ewé ìfihàn dípò ìjábọ̀ tí a kọ dáradára.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Nínú ọ̀ràn yìí, ta ni ó rán ẹnjiníà níṣẹ́? Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni: irin, kọnkéré, omi àti afẹ́fẹ́, tí kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ta ni a rán an sí? Àwa aláṣẹ tí a fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn ni. Bí ẹni tí ń kọ ìjábọ̀ bá bẹ̀rù wa ju bí ó ti bẹ̀rù omi lọ, yóò fi ìtùnú ṣe àkọlé, yóò sì fi ewu sí ìsàlẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Èkínní, kí a pa fáìlì tí ó kọ́kọ́ jáde láti inú ẹ̀rọ mọ́ bí ó ti wà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Inú ẹ̀dà rẹ̀ ni kí a ti máa ṣiṣẹ́. Lórí rẹ̀ ni kí a kọ orúkọ ètò tí a lò, ọjọ́ tí a ṣe é, àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Èkejì, kí òṣùwọ̀n wà ní orí òpó kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ, kì í ṣe ní ọkàn ẹnjiníà. Ẹ̀kẹta, kí a sọ fún àtẹ ṣáájú pé orúkọ ni àwọn orúkọ, kí ó má sọ wọ́n di ọjọ́ tàbí nọ́ńbà. Kí a sì ka iye ìlà tí ó jáde láti inú ẹ̀rọ àti iye tí ó wọ inú àtẹ, kí a rí i pé wọ́n bára dọ́gba. Ẹ̀kẹrin, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa kó nọ́ńbà láti inú fáìlì lọ sínú ìjábọ̀. Ọwọ́ tí ó bá ń da ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà kọ yóò ṣi ọ̀kan kọ. Bí ìṣirò bá sì yí padà lọ́la, ìjábọ̀ yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Kì yóò ku èsì àná sí ojú ewé kan kí ti òní wà ní òmíràn.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má gbé nọ́ńbà tí ó ga jù jáde láìsọ ibi tí ó ti wá. Ní igun mímú tí ó kọjú sínú, bí a bá ti ń gé àwọ̀n wẹ́ sí i ni nọ́ńbà ibẹ̀ yóò máa ga sí i láìdúró. Kì í ṣe agbára tòótọ́, igun inú àwòrán ni ó fà á. Bí ẹni tí ń ka àtẹ kò bá mọ ibi tí nọ́ńbà ti wá, ó lè sá fún òjìji, ó sì lè ka ewu tòótọ́ sí òjìji. Ẹ̀kẹfà, kí ìjábọ̀ ní ẹ̀rí kékeré kan tí a fi ọwọ́ ṣírò. Àpapọ̀ ẹrù tí a gbé lé afárá, pẹ̀lú ìwúwo afárá fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀ agbára tí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbé e dúró. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ohun kan ti sọnù ní ọ̀nà. Ìṣirò ìṣẹ́jú márùn-ún ni èyí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga sì lè ṣe é.

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin àgbà, ẹ lè ní èyí jẹ́ ti àwọn ẹnjiníà, pé kí ni tiwa níbẹ̀. Tiwa ni láti béèrè. Nígbà tí a bá gbé ìjábọ̀ wá síwájú wa, kí a tó mú kálàmù, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun márùn-ún. Òṣùwọ̀n wo ni a fi wọn nọ́ńbà yìí? Irú ẹrù wo ni a gbé lé e nínú ìṣirò, ǹjẹ́ ó jọ ẹrù tí yóò rù ní tòótọ́? Ǹjẹ́ a ti fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rí dán irú ìṣirò yìí wò, báwo sì ni ìyẹn ti tóbi tó sí tiwa? Níbo ni ìlà tí ó sọ̀rọ̀ ewu wà, òkè ni tàbí ìsàlẹ̀? Ta ni ẹlòmíràn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, tí kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é? Ẹnjiníà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì yóò bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹnìkan ń kà á. Ẹni tí ó bá bínú ti dá wa lóhùn.

A sì fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ kan kún un. Kí ìjábọ̀ iṣẹ́ tí a ń ṣe fún ìlú ní ojú ewé kan ní èdè Yorùbá, tí a ó kọ ewu àti ààlà iṣẹ́ náà sí lókè pátápátá. Ẹrù, agbára, ìwọ̀n, òṣùwọ̀n, ààlà, ẹ̀rí: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí èdè wa kò ní. Ẹni tí kò bá lè sọ ewu iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí yóò máa gba orí afárá náà kọjá, ní èdè tí wọ́n gbọ́, kò tí ì jábọ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àwọn ará Norway, àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará England ti san owó ẹ̀kọ́ yìí, àwọn mìíràn sì fi ẹ̀mí san án. Kò yẹ kí àwa tún un san. Kọ̀ǹpútà yóò máa yára sí i, nọ́ńbà yóò máa pọ̀ sí i, ìjábọ̀ yóò sì máa lẹ́wà sí i. Kí a rí i pé okùn kò já láàárín ẹ̀rọ àti ọwọ́ tí ń fọwọ́ sí ìwé, kí ẹyọ tí ó dé ọwọ́ wa sì sọ ohun tí a rán an wá sọ. Kí ilé wa má wó, kí afárá wa má já, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fọwọ́ sí ohun tí a kò kà. Àṣẹ.